Bí Mo Ṣe Lọ Ya Ojú Ìyá Ìgándò Wá Sílé

Ẹ̀yin ará Ṣakí, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé, "Làtí, Èkó ńkọ́?" Ẹ̀rín ni mo sì ń fi dá yín lóhùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi, nítorí mi ò mọ ibi tí ǹ bá ti mú ọ̀rọ̀ náà. Èkó tí mo lọ kì í ṣe èyí tí ẹ ń rí nínú fíìmù. Mi ò fojú kan òkun, mi ò gun afárá kankan tó gba orí omi. Alímọ̀ṣọ́ ni mo lọ, ní Ìgándò, lẹ́yìn Ìkòtún. Mo lọ ya ojú obìnrin arúgbó kan, mo sì gbé ojú náà bọ̀ nínú páálí. Ohun tí ojú ọ̀hún ń sọ gan-an ló kù tí kò yé mi.

Iṣẹ́ tí Bàbá rán mi

Gbogbo yín lẹ mọ bàbá mi, Bàbá Télọ̀. Kò sí ilé tí kò ní aṣọ tí wọ́n rán nínú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ nígbà náà ni pé ojú wọn ti ń lọ. Wọ́n kàn ní iṣẹ́ ti sú àwọn, wọ́n gbé máṣìnnì sínú yàrá, wọ́n sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti máa dá ẹni tó bá kí wọn lóhùn. Ohùn ni wọ́n fi ń mọ̀ yín, kì í ṣe ojú.

Mo máa ń gbé fọ́tò tí mo bá yà fún wọn wò bí mo ti ń ṣe láti kékeré. Lọ́jọ́ kan, mo gbé fọ́tò ìsọmọlórúkọ kan lé wọn lọ́wọ́, aláwọ̀ mèremère. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ó dà bí ẹni pé ọbẹ̀ dà sílẹ̀." Èmi rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan fọ́tò àtijọ́ kan tí mo tẹ̀ tóbi láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, dúdú àti funfun ni. Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, wọ́n dorí kodò, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Fìlà abetí-ajá lẹni yìí dé." Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Wọn ò gbé fọ́tò náà sílẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí.

"Làtí, ṣé o lè bá mi lọ ya ẹ̀gbọ́n mi báyìí? Kó tóbi. Kó dúdú níbi tó yẹ kó dúdú, kó funfun níbi tó yẹ kó funfun. Mo fẹ́ rí wọn kí ilẹ̀kùn ojú mi tó tì."

Ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo tó kù láyé ni Ìyá Ìgándò. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti fẹ́ wọn lọ sí Èkó. Látìgbà tí wọ́n ti ṣubú tí ìdí wọn sì dá, wọn ò lè rin ọ̀nà jíjìn mọ́, etí wọn náà sì ti di. Bí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, àwọn nìkan ló máa sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi gbé e sílẹ̀. Bàbá mi ò lè ríran dé Ìgándò, Ìyá Ìgándò ò lè gbọ́ràn dé Ṣakí.

Bàbá di ọwọ́ mi mú kí n tó kúrò. "Ohun kan ni o. Má sọ fún wọn pé ojú mi ń lọ. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní sùn mọ́."

Mo ṣèlérí.

Ìkòtún

Etí mi ló kọ́kọ́ dé Ìkòtún kí ẹsẹ̀ mi tó dé ibẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè síta. Ọ̀kan ń wàásù, èkejì ń polówó fóònù, ẹ̀kẹta ń ka orúkọ àrùn tí àgbo rẹ̀ ń wò, àwọn ènìyàn sì ń gba àárín wọn kọjá bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá arúgbó kan jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù onírin. Bí a ṣe kọ́ àwa ọmọbìnrin nílé, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ kú ìjókòó." Wọ́n yára fọwọ́ bo àpò wọn. "Ọlọ́run á pèsè," wọ́n ní. "Mi ò mú nǹkan kan jáde lónìí." Mi ò tètè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìgbà tó yé mi pé alágbe ni wọ́n pè mí, mo ti rìn jìnnà, ojú sì ti tì mí tán.

Mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ṣe POS lábẹ́ agbòòrùn.

"Ìgándò ọ̀nà Ẹ̀gàn ni, àbí ọ̀nà Akẹ́sán?"

Mi ò mọ̀ pé Ìgándò ju ẹyọ kan lọ. Mo ṣàlàyé ibi tí mò ń lọ. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ará òkè ni yín! Ẹ ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ẹ tún un sọ jàre, ó dùn létí."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí dìde, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, ó gba páálí kámẹ́rà mi, ó sì mú mi lọ sídìí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó na ìka sí awakọ̀ náà: "Àlejò mi nìyí o. Tí o bá gbé e kọjá, mo mọ ibi tí ò ń páàkì sí." Kò béèrè orúkọ mi. Kó tó di pé mo dúpẹ́, ó ti padà sábẹ́ agbòòrùn rẹ̀. Ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún rò pé mò ń ṣagbe, ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín ló tọ́jú mi. Ìwà wọn rú mi lójú gan-an.

Bí a ti ń lọ, mò ń wo ara ògiri. Ojú àwọn arúgbó ló kún ibẹ̀, lára géètì, lára òpó iná, òmíràn tuntun, òmíràn òjò ti fà á ya. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ dúdú àti funfun. Mò ń wò wọ́n bí oníṣẹ́ fọ́tò, mò ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bá wọn lójú. Kò wá sí mi lọ́kàn pé kí n ronú lórí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn.

Àlejò

Ìyá Ìgándò ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo dé. Wọ́n kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Mo kúnlẹ̀, mo pariwo orúkọ bàbá mi, mo ní ọmọ wọn ni mí.

Wọ́n wò mí. "Mi ò ní àbúrò kankan ní Ṣakí."

Mo tún un sọ. Wọ́n mi orí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ. Àǹtí Kúbúrà, ìyàwó ọmọ wọn, ló jáde láti inú ilé tó ń rẹ́rìn-ín.

"Dìde jàre, Làtí. Wọ́n mọ̀ pé ò ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn."

Mo wo Ìyá. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Jálẹ̀ gbogbo ọjọ́ tí mo lò níbẹ̀, wọn ò yé bi mí pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Nígbà mìíràn mo máa ń rí i pé wọ́n gbàgbé lóòótọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á bi mí tán, wọ́n á wá ní kí n gbé irú omi tí bàbá mi fẹ́ràn láti máa mu wá fún àwọn, omi inú ìkòkò. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ àrùn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ eré.

Wọ́n ṣe mí lálejò dáadáa. Ẹ̀wà àgànyìn ni Àǹtí Kúbúrà kọ́kọ́ gbé fún mi, pẹ̀lú búrẹ́dì Agége tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ata orí rẹ̀ dúdú bí epo ọkọ̀, mo sì bẹ̀rù rẹ̀ títí mo fi tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin ará ilé, kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n bi mí ohun tí mo fẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo ní wàrà, irú èyí tí a ń dín jẹ nílé. Mílíìkì alágolo ni wọ́n gbé wá. Mo mu ún, mo sì dúpẹ́.

Bọ̀dá Múfú, ọmọ Ìyá, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe níwájú ilé, fi ọwọ́ dúdú gbá mi mọ́ra. "Àbúrò mi! Ilé rẹ nìyí." Mo gbà á gbọ́.

Léèsì olómi-ọsàn

Láàárọ̀, mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní pálọ̀. Ìyá jáde wá. Wọ́n ti wọ léèsì olómi-ọsàn, wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n sọ́rùn, àtíkè ti bo gbogbo ojú wọn. Wọn ò jókòó. Ẹ̀gbẹ́ òdòdó oníke ni wọ́n lọ dúró sí.

"Ya gbogbo ara mi. Má yọ bàtà sílẹ̀."

Bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sókè, ojú wọn á tì pa bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ọdún. Ojú páásípọ́ọ̀tù ni. Mo fọwọ́ ṣe àpèjúwe pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní eyín àwọn ti kọ́kọ́ lọ sílé. Níkẹyìn, wọ́n ní kí n gbé fọ́tò náà wá kí àwọn wò ó. Mo fi ẹ̀yìn kámẹ́rà hàn wọ́n.

"Àwọ̀ aṣọ mi dà?"

"Dúdú àti funfun ni, Ìyá!"

"Mo wọ léèsì olómi-ọsàn, o sọ ọ́ di eérú?"

Àkókò yẹn ni Bọ̀dá Múfú wọlé wá mú irinṣẹ́. Ó yọjú wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀lé òun dé géètì.

"Làtí, ta ló rán ọ?"

"Bàbá ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ wò ó ni."

"Wọ́n fẹ́ wò ó. Fọ́tò gbàgàdà, tí kò láwọ̀, ojú nìkan." Ó na ọwọ́ sí òpó iná tó wà níta. Obìnrin arúgbó kan ń wò wá láti ara pósítà ìsìnkú, dúdú àti funfun. "Ṣé o rí ìyẹn? Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹbí wá láti ìlú, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ ya fọ́tò. Ìyá mi ò tíì kú o! Ìyá mi ò tíì kú, ẹ ti ń wá fọ́tò òkú ní Ṣakí!"

Mo la ẹnu. Ìlérí tí mo ṣe fún bàbá mi pa á dé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ló ń fẹ́ fọ́tò tí kò láwọ̀ nígbà tí fóònù ọwọ́ gbogbo èèyàn ń ya aláwọ̀?

"Mi ò bá ọ jà," Bọ̀dá Múfú ní, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Jẹun, sinmi. Lọ́la, máa lọ sílé."

Mo lọ jókòó lẹ́yìn ilé, mo pe Bàbá. Mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀, Làtí. Mi ò mọ̀."

Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu bàbá mi rí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo da ìlérí. Bí mo bá dákẹ́, n óò padà lọ́wọ́ òfo, ilé yìí á sì máa rò títí ayé pé ikú Ìyá ni à ń retí ní Ṣakí. Mo wo ògiri, mo wo omi tó ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo dìde, mo lọ bá Bọ̀dá Múfú nídìí fíríìjì tó ń tú.

"Bọ̀dá, Bàbá ò ríran mọ́. Ohun tó bá dúdú tó sì funfun, tó tóbi, òun nìkan ni ojú wọn ṣì ń mú. Wọ́n ní kí n má sọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó jókòó lórí fíríìjì náà.

"Bàbá Télọ̀? Tó rán aṣọ ìgbéyàwó mi?"

Ó dìde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré di apá rẹ̀ mú. "Bọ̀dá, mo ṣèlérí!"

"Ìwọ lo ṣèlérí. Èmi ò ṣe é."

Ohun tí Ìyá ti mọ̀

Ìyá ti padà sídìí ẹ̀gúsí wọn, nínú léèsì náà, nítorí láti àárọ̀ ni wọ́n ti kọ̀ láti bọ́ ọ. Bọ̀dá Múfú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sí etí wọn tó sàn díẹ̀.

"ÌYÁ! OJÚ BÀBÁ ṢAKÍ TI Ń FỌ́!"

Ohùn kan dáhùn láti ìkejì ọgbà: "Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ọlọ́run á là á!"

Ọwọ́ Ìyá ò dúró. Wọ́n bó ẹyọ kan, wọ́n jù ú sínú abọ́.

"Mo mọ̀," wọ́n ní.

Èmi àti Bọ̀dá Múfú wo ara wa.

"Ìgbà tó wá síbí kẹ́yìn, mo sá ìró mi sórí àga. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún aṣọ náà. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé.' Ẹnu ọ̀nà kejì ni mo wà. Mo rọra lọ jókòó lórí aṣọ náà, mo dá a lóhùn."

"Ìyá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?" Ó tún un pariwo kí wọ́n tó gbọ́.

"Ó ń fi pamọ́ fún mi. Ṣé kí n wá tú u ni?" Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́ ná?"

"Ọmọ Bàbá Télọ̀, Ìyá!"

"Mo mọ̀. Bá mi bọ́ léèsì yìí."

Àǹtí Kúbúrà fún wọn ní bùbá dúdú. Wọ́n fọ àtíkè kúrò lójú. Wọ́n tú gèlè, irun wọn sì funfun bí òwú, wọ́n ti dì í ní kọ́lẹ́sẹ̀ tín-ín-rín. Mo mú àga wọn sún mọ́ ògiri funfun, mo sì ṣí ilẹ̀kùn kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Gbogbo ìlà ojú wọn jáde. Wọn ò béèrè òdòdó mọ́.

"Ẹ pe Àkànní fún mi," wọ́n ní. Oríkì bàbá mi nìyẹn.

Bọ̀dá Múfú pè wọ́n, ó gbé fóònù náà sí ẹnu Ìyá. A gbọ́ ohùn bàbá mi, tín-ín-rín, láti ọ̀nà jíjìn: "Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀gbọ́n mi?" Ìyá ò gbọ́ ọ. Wọ́n kàn gbà pé ó wà níbẹ̀.

"Àkànní! Àkànní ọmọ ìyá mi! Ìwọ tí mo pọ̀n lọ oko, tí mo pọ̀n bọ̀, ìwọ lò ń fi ojú pamọ́ fún mi? Ta ló di ọwọ́ rẹ mú tí o fi kọ́ ìrìn? Ta ló fi òṣùpá hàn ọ́? O wá dọ̀bálẹ̀ fún ìró, Àkànní! O dọ̀bálẹ̀ fún ìró tí mo fọ̀!"

Ẹnu wọn là, ọrùn wọn nà, omi dúró lójú wọn kò bọ́. Ojú wọn fún pọ̀, ó tún ṣí. Mò ń tẹ kámẹ́rà, mi ò sì mọ ohun tí mò ń yà. Ṣé ẹ̀rín ni? Ṣé ẹkún ni? Ẹsẹ̀ wọn ń gbá ilẹ̀ bíi ti ẹni tó ń bínú. Bàbá mi ò sọ nǹkan mìíràn ju "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi" lọ.

Nígbà tó parí, Bọ̀dá Múfú ní ìbínú ni. Àǹtí Kúbúrà ní ẹkún ni, òun mọ ẹkún ìyá ọkọ òun. Mo yẹ fọ́tò náà wò léraléra lẹ́yìn kámẹ́rà. Mi ò lè dá ọ̀kan mú.

Ẹ̀gbẹ́dá

Ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, kó tó ojú tábìlì. Ọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ wo ojú Ìyá bó ṣe ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ. Ó yọ fìlà rẹ̀.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ìgbà wo ni Màmá lọ?"

"Wọn ò lọ. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí."

Ó wo fọ́tò náà, ó wò mí, ó sì dé fìlà rẹ̀ padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè dákẹ́. Òun náà bá mi rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìdí rẹ̀.

Ilé

Mo dé Ṣakí láàárọ̀. Mi ò tíì jókòó tí Bàbá fi ní kí n tú páálí náà. Mo gbé fọ́tò náà lé wọn lórí itan lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n dorí kodò, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Wọ́n sún un kúrò, wọ́n sún un mọ́ra títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Irun wọn ti funfun tó báyìí?" wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n tún wò ó. Ẹnu wọn bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wo ẹnu wọn! Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré. Tí wọ́n bá bú mi tán, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín." Àwọn náà wá ń rẹ́rìn-ín, fọ́tò náà sì ń mì lọ́wọ́ wọn.

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rí ẹ̀rín yẹn, tàbí wọ́n rántí rẹ̀. Mi ò béèrè. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo pe Bọ̀dá Múfú. Mo ní kó sọ fún Ìyá pé Bàbá ti rí wọn, pé wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ bó ṣe ń pariwo rẹ̀ sí wọn létí. Nígbà tí ohùn wọn jáde, ó sún mọ́ mi bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló gba fóònù náà.

"Ẹkún ni mò ń sun," Ìyá Ìgándò ní. "Má sọ fún un o."

Mi ò sì tíì sọ fún wọn. Fọ́tò náà wà lára ògiri yàrá Bàbá, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bà á, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọjú sí tí wọ́n bá jí. Bàbá mi ò lè ka ìwé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kà á sí wọn létí.